Kòtò Tí Ìyá Rẹ Dé Kẹ́yìn

Ìbẹ̀rẹ̀kò,
Àgbádárìgì.

Sẹ́nàmí, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú ilé àjèjì. Mo tún kí ọ kú ọ̀fọ̀ tí à ń ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ ní Ìlọrin, èmi níhìn-ín. Ara mi le. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń ro mí bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń kan àga àti tábìlì fún àwọn tó bá gbé igi wá. Má ṣe dààmú nípa ìyẹn.

O mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ara pákó ni mo sì ti ń kọ̀wé jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú, n kò lè dá a lóhùn lórí fóònù. O ní, "Bàámi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí kòtò ṣalángá tí Màámi dé. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Mo ní, "Mo ti gbọ́." O mọ̀ mí. Bí mo bá ní mo ti gbọ́, kò túmọ̀ sí pé mo ti gbà. Gbígbọ́ ni mo gbọ́.

Ó yà mí lẹ́nu, n kò sì bínú. Ìwọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará ìlú di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tí ò ń tọ́jú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, ìwọ lo wá ní kí n má fọwọ́ kan ti ilé wa. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé kò yẹ kó ṣòro fún mi láti mọ ìdí rẹ̀. Ti àwọn yòókù, ìgbọ̀nsẹ̀ lásán ni. Ti ilé wa, ìyá rẹ wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí. N óò fún ọ ní ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀, nítorí ojúṣe òbí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ ni ì bá sọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni n óò wá sọ ti kòtò. Ní báyìí tí mo ń kọ èyí, n kò tíì pinnu. Ó lè jẹ́ pé bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ ni ọkàn mi yóò máa mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Èkíní, ọmọ mi, má ṣe kánjú nítorí pé nǹkan ní agbára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó, Àlájì onílẹ̀ yá a ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yìí kó máa fi dáko. O mọ bí yanrìn ibí ṣe rí. Ó funfun, ó mọ́ bí iyọ̀, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀ fún irúgbìn. Àgbọn nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò fi ìyá rẹ ṣẹ̀sín pé ó fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú yanrìn etí òkun. Ó ní ọ̀nà kan wà tí ìyá òun fi ń ṣe é ní abúlé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, kí n ṣáà kan ìjókòó ṣalángá fún òun, kí ihò rẹ̀ jẹ́ méjì, ti iwájú fún ìtọ̀, ti ẹ̀yìn fún èyí tó kù, kí ìkíní má dà pọ̀ mọ́ ìkejì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà, ìgbéraga wà lára mi. Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ tí mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ nìyí?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà kàn án. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kan òmíràn."

Mo kàn án. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ àkọ́kọ́ kún, ìyá rẹ ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàrá. Mo fẹ́ ṣe é ní ìyàlẹ́nu. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo da gbogbo rẹ̀ sórí tẹ̀tẹ̀ láìbu omi là á. Mo rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ ni yóò dára jù. Kí ó tó dé, ewé ti rọ, etí wọn ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi iná jó wọn. Ó dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti bá mi se ẹ̀fọ́ kó tó dénú ìkòkò." Ọjọ́ náà ló kọ́ mi: igò kan sínú garawa omi kan, ẹsẹ̀ irúgbìn ni kí a dà á sí, kì í ṣe ewé, bó bá sì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a já a, kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá.

O mọ èyí jù mí lọ, wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé òótọ́ rẹ náà máa ń le jù nígbà mìíràn. O jọ mí níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ tuntun lo wà, àwọn àgbà wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá rí ohun tí kò dára, sọ ọ́, ṣùgbọ́n bu omi là á kí o tó dà á sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkejì, wo ibikíbi ní oṣù òjò kí o tó sọ pé ó dára. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí mo sọ yẹn, mo ní ṣalángá wa kò jìn tó. Ìyá rẹ ní kí a má gbẹ́ ẹ jìn rárá, pé kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè bí àpótí, kí a máa gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀. Mo ní ojú kò ní jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni í gun àtẹ̀gùn lọ yàgbẹ́ bí ẹni tó ń lọ wàásù? Oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo gbẹ́ kòtò náà títí tí ẹni tó wà lókè kò fi rí orí mi mọ́. Yanrìn ìsàlẹ̀ gbẹ dáadáa, inú mi dùn. Sẹ́nàmí, kò sí ẹni tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà yìí tí kò mọ̀ pé omi abẹ́ ilẹ̀ wa kì í dúró sójú kan, pé bí ọ̀sà bá gòkè òun náà á gòkè. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la sì máa ń gbàgbé rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Nígbà tí òjò rọ̀ tó, omi yọ sínú kòtò láti ìsàlẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ léfòó. Kàǹga wa kò sì jìnnà.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ṣí ọmọrí kàǹga, ó fa omi díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á nù, ó tún un dé. Ó ní, "A ò mu omi yìí mọ́." Kò bá mi jà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ pọnmi lójú títì, garawa lórí, ìwọ nínú ikùn rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbà kọjá. Á kí mi kú iṣẹ́, á máa lọ. Kí òjò náà tó dáwọ́ dúró, mo ti ra búlọ́ọ̀kù. Ṣalángá alátẹ̀gùn tí o gùn dàgbà, bó ṣe dé nìyẹn, kòtò méjì lábẹ́ rẹ̀, kí a lè dé èyí tó bá kún títí yóò fi jinná, kí a sì máa lo èkejì.

Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá rán ọ lọ wo ilẹ̀, má jẹ́ kí ilẹ̀ gbígbẹ tàn ọ́ jẹ. Bi àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ pé báwo ni omi ṣe máa ń rí bí òjò bá dé. Mo sì gbọ́ pé ọkùnrin kan wà tí ò ń bá sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ pé kò dára. Òun náà, wò ó ní oṣù òjò.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ayé báyìí, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù nígbà tí o ní àwọn tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé kan náà máa ń pè ọ́ ní agbépòó, tí o sì ń díbọ́n bí ẹni pé ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ìyá rẹ bẹ́ẹ̀ títí. O kéré nígbà tí ọkùnrin kan tó ní oko lọ́nà Mówó ní kí ọkọ̀ tó ń kó ṣalángá wá da ẹrù rẹ̀ sí oko òun ní tútù, láìjẹ́ kó sùn kó jinná, láìfi eérú sí i. Ó gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà yọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Inú run àwọn tó jẹ ẹ́ gidigidi, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń bì, wọ́n sì gbé ẹlòmíràn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè mọ́ pé ta ló tọ́jú tirẹ̀ dáadáa, ta ni kò tọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ gbé ẹ̀fọ́ dé ọjà Mówó, ó sì gbé e padà wálé.

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Mo tẹ̀lé e, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Ìyá Kúdí tó máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún tà wà níbẹ̀. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́, ó ní, "Ìyá Sẹ́nàmí, ẹ̀fọ́ yín mà ń dán o! Ta ló yàgbẹ́ sí tòní?"

Ìyá rẹ ò wò mí. Ó ní, "Ọkọ mi ni. Ẹ wo bí ewé ṣe tóbi, ẹ óò mọ̀ pé ó máa ń jẹun yó."

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ìyá Kúdí náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, ṣùgbọ́n kò rà. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni ó tó wá sílé, tí ìyá rẹ fi bu ajílẹ̀ tó ti jinná sí i lọ́wọ́, tó gbóòórùn rẹ̀, tó ní, "Ṣé ilẹ̀ kọ́ lèyí?" Òun padà. Àwọn mìíràn kò padà títí ìyá rẹ fi kú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bí ènìyàn bá ti ṣe rere, ayé yóò gbà bó bá yá. Àwọn kan gbà. Àwọn kan kò gbà. Ìyá rẹ tọ́jú ilẹ̀ nítorí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan wà, o ti gbọ́ ọ rí: ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n ń fi í sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbà á bó ṣe wà gan-an. Iṣẹ́ ẹni tí kì í gbàgbé ni iṣẹ́ rẹ. Máa rántí ìbọ̀wọ́. Máa rántí ọṣẹ. Bàtà tí o bá fi wọ ibẹ̀, má wọ̀ ọ́ wọ yàrá. Má gbà kí ẹnikẹ́ni bá ọ kánjú ṣí ohun tí kò tíì pé, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ. Ọjọ́ tí o bá rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ kò bà ọ́ mọ́ rárá, ọjọ́ náà ni kí o bẹ̀rù.

Ó ti tó àkókò láti sọ ti ìyá rẹ. Mo ti ń yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

O wà nílé lọ́dún tó kọjá, ò ń retí iṣẹ́, nítorí náà o mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wú. Ṣùgbọ́n o ti lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ tí kòtò àkọ́kọ́ kún tó dé e, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ọ. O mọ òfin rẹ̀: ẹni tó bá dé kòtò ni yóò ṣí i. Ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, mo rò pé èèwọ̀ ni, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe èèwọ̀, pé bí ebi bá ń pa ilẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn á máa wọ kòtò, ẹlẹ́nu á ní ó ti tó, aláìsùúrù á ní kí wọ́n ṣí i wò. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ni í, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e tó sì mọ ìgbà tó dé e, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn.

Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi dé e, nítorí kò lè dúró pẹ́. Ó ní rárá. Ó gbé àpótí ìjókòó kékeré lọ síbẹ̀, ó jókòó, ó ń da eérú lé e ní àwo-àwo, ó da ewé gbígbẹ, ó da yanrìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn ọmọ. Ó sinmi láàárín rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó di òjò ọdún tó ń bọ̀. Mo máa ṣí i." Mo ní, "Àmín." N kò mọ ìdí tí mo fi ní àmín.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí a gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sọ, ìwọ náà gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn ìsìnkú, pé ohun tó ń fọwọ́ kó ló pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún ọ rí, irọ́ ni. Mo fẹ́ kí o rí i kà ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Òjò ọdún tó ń bọ̀ náà ti dé báyìí. Tàǹtí Afíàví, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, wá láti Àjàrá. Ó yí kòtò náà ká, kò sún mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá Sẹ́nàmí, ẹni tó dé e ti lọ sọ́dọ̀ Máwù, Ọlọ́run rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ṣí i mọ́. Ẹ pe bíríkìlà kó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ara àbúrò mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Tàǹtí, ara ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣebí ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa nígbà ọdún Kérésì, kó tó dé e."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín sì mú un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín náà di ẹkún, èmi náà sì bá a sun ún. Kí ó tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ, ó tún ní, "Ẹ má ṣí i o."

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni Àlájì wá. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kí mi kú ìrọ́jú bí ẹni pé àná ni ìsìnkú. Ó ní, "Bàbá Sẹ́nàmí, ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyàwó yín jọ sọ nígbà yẹn ni pé níwọ̀n ìgbà tí ewé bá wà lórí ilẹ̀ yẹn, tiyín ni. Mo mú un ṣẹ."

Mo ní, "Ẹ mú un ṣẹ, Àlájì. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní ilẹ̀ náà dùbúlẹ̀, pé àwọn fẹ́ kọ́lé sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ sunkún tán. Bí òjò yìí náà bá kọjá tí yanrìn lásán ṣì ń ta ojú ènìyàn níbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo tún máa sọ fún wọn."

Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ì bá sàn fún mi kó halẹ̀.

Má rò pé n kò gbìyànjú, Sẹ́nàmí. Mo ra ajílẹ̀ inú àpò, mo fọ́n ọn bí wọ́n ṣe ní kí n fọ́n ọn. Òjò ńlá kan ṣoṣo rọ̀, ó wẹ̀ ẹ́ gba inú yanrìn kọjá, tẹ̀tẹ̀ náà yọ bí abẹ́rẹ́, ó pọ́n, ó kú. Mo wá ìgbẹ́ adìẹ, èyí tí mo rí kò tó ebè kan. Ìtọ̀ tí mo ń kó jọ, ẹnì kan ṣoṣo ni mí. Kòtò kejì tí a ń lò láti ìgbà tí ìyá rẹ ti dé àkọ́kọ́, mo ṣí ọmọrí rẹ̀ wò níjọ́sí. Kò tíì kọjá ibi tó wà nígbà tí ìwọ kó ẹrù rẹ lọ. Bí ilé ṣe ń ṣófo, ibẹ̀ ni mo ti rí i jù. Kòtò ilé yìí kò ní kún mọ́ nígbà ayé mi.

Níbi tí mo dé lánàá nìyẹn tí ọwọ́ mi fi dúró. Mo ní n óò parí rẹ̀ lónìí.

Lówùúrọ̀ yìí, mo ṣí i.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ yóò gbọgbẹ́ níbi tí o bá ti ka gbólóhùn yẹn, nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí, kí o má lọ máa fojú inú rò ó. Ìbọ̀wọ́ ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ mú, kò gba ọwọ́ mi, ó fà ya. Mo lọ mú tèmi. Mo wọ bàtà òjò, mo fi aṣọ di imú, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti jinná. Mo fi ọwọ́ hó yanrìn òkè kúrò, n kò fẹ́ lo ṣọ́bìrì níbi tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́. Mo kan ewé, ó ti fọ́. Mo kan eérú, eérú kò sí mọ́.

Ọmọ mi, mò ń wá a. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Mo ti rò pé n óò rí apá kan tí n óò lè sọ pé tirẹ̀ nìyí, kí n bù ú sọ́tọ̀, kí n sin ín lẹ́bàá sàréè rẹ̀, kí ọkàn ìwọ àti Tàǹtí lè balẹ̀. Mo ń fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀. Mo rí egungun ẹja. Mo rí bọ́tìnnì aṣọ kan tí n kò mọ̀. Èyí tó kù, ilẹ̀ ni, ó dúdú, ó tutù, ó rọ̀ lọ́wọ́, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Kò ní òórùn kankan ju ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Tìrẹ, tèmi, tirẹ̀, ti Tàǹtí, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan, kò ṣeé yà. Mo jókòó sí etí kòtò, mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Ní ìtẹ́ òkú, mo mọ ibi tó dùbúlẹ̀ sí, mo lè na ìka sí i. Níbẹ̀, mo bu ilẹ̀ sọ́wọ́, n kò sì mọ̀ bóyá òun ni.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo dìde, mo sì ṣe iṣẹ́ náà. Mo fi agbọ̀n kó gbogbo rẹ̀ sórí ebè, n kò ṣẹ́ ìkankan kù, mo fi ọkọ́ pò ó mọ́ yanrìn. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀. Mo gbin ẹ̀fọ́ gbòmà tí àwọn ará ilé ìyá rẹ máa ń fi se ọbẹ̀ ẹja. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn má pa á. Àlájì ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà tí mo ń ṣe é lọ́wọ́. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó sì ń lọ.

N kò mọ̀ bóyá mo ṣe ohun tó tọ́. Mo ṣẹ̀ sí òfin ìyá rẹ, mo ṣe òdì sí ẹ̀bẹ̀ rẹ, Tàǹtí yóò sì gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, òjò kan péré ni yóò kù fún oko rẹ̀, ilé àwọn ẹlòmíràn yóò sì bo gbogbo ibi tó ti tẹ̀ rí. N kò lè pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìmọ̀ràn kan ló kù tí mo ní fún ọ, n kò sì mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ òní tó mọ́. Àwọn ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé wá bá yín níbi iṣẹ́, inú ilé ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Nínú àwọn ilé náà, ẹnì kan ti lè kú láti ìgbà náà. Ó lè jẹ́ pé ọkọ kan tàbí ọmọ kan wà níbì kan tí kò mọ̀ pé ohun tó kù lára ẹni rẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ. Má fi ẹsẹ̀ tì í. Má fi ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Jẹ́ kó sùn tó bó ṣe yẹ kó sùn, kí o tó fi fún ilẹ̀.

Bí inú bá ń bí ọ sí mi, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i, n kò ní bẹ̀ ọ́ kó rọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe bínú láti ọ̀nà jíjìn, má sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Gbé e wálé fúnra rẹ. Wá dúró ní àgbàlá, kí o pariwo lé mi lórí títí ọ̀fun rẹ yóò fi ha. Ilé yìí ti dákẹ́ jù, Sẹ́nàmí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn kan nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ń bá mi wí.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní ìlú àjèjì má sinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.